Ìgò Tí Mo Ṣàánú Fún

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iwin kì í bẹ̀rù. Mo ti lo igba ọdún ó lé díẹ̀ láyé, mo sì ń sọ fún yín pé irú ẹ̀rù tó bà mí ní Ọjọ́rú kan báyìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí, kí n má sì rí irú ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Àánú ni mo ṣe. Ẹ bá mi gbọ́ o, àánú!

Inú káńtà ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mò ń gbé. Igi ńlá kan ni ilé mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé e, tí wọ́n là á sí pákó, tí káfíńtà fi ọ̀kan nínú ẹ̀ kan káńtà, mo bá pákó mi lọ, torí iwin kì í fi igi ẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ojú pọ́n ọn. Mi ò ga ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àwọn èèyàn kì í rí mi. Ojú wọn á kàn yẹ̀ lára mi bó ṣe ń yẹ̀ lára aláǹgbá tó wà lára ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí mi, òun náà ló sì ni ṣọ́ọ̀bù: apoògùn, obìnrin tó lé díẹ̀ lógójì ọdún, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn la pàdé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ẹ̀ ni, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó gbórí lé káńtà, ó ń sunkún. Mo ṣe sùúrù títí, àmọ́ nígbà tí omijé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ inú yàrá mi, mo yọjú, mo na àkísà tó fi ń nu ìgò sí i. Ó gbà á, ó fun imú ẹ̀ tán pátápátá kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé, "Ìwọ ta ni?" Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ mí ní Pẹ́ńpẹ́. Mo ju ìyá ìyá ẹ̀ lọ dáadáa, kò sì kúnlẹ̀ kí mi rí, mi ò bínú. Nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, á máa ro ẹjọ́ gbogbo àdúgbò fún mi. Èmi náà á máa sín àwọn oníbàárà ẹ̀ jẹ, títí ẹ̀rín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Òfin kan ṣoṣo ló fún mi.

"Pẹ́ńpẹ́," ó ní, "gbogbo ohun tó wà níbí lo lè fọwọ́ kàn, àfi àwọn ìgò orí pẹpẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú wọn. Ọjọ́ tó o bá gbé ọ̀kan kúrò níbi tí mo gbé e sí, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́."

Mo gbọ́. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbọ́.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa àwa iwin ni pé a ò lè rí ohun tó dá wà ká kọjá. Inú igi la ti wá, ewé kan kì í sì í dá hù lórí igi. Bí a bá rí bàtà ẹsẹ̀ kan, a ò ní sinmi títí a ó fi rí èkejì. Lójú tiwa, ohun tó bá dá wà, àìsàn ló ń ṣe é. Ìgò kan sì wà lórí pẹpẹ òkè pátápátá, òun nìkan. Mẹ́fà tó jọ ọ́ bí ọmọ ìyá wà lórí pẹpẹ àárín, wọ́n fara ti ara wọn: ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ìdérí funfun. Òun nìkan ló wà lókè níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n lé jáde nínú ẹbí. Kò tán síbẹ̀, Àǹtí tún fi rọ́bà pupa dè é lọ́rùn. Mo rò pé ó ń fún un lọ́rùn ni.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wò ó. Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, kí Àǹtí tó dé, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gun òkè, mo tú rọ́bà náà, mo fi òwú sọ ìgò náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹbí ẹ̀, ní ìparí ìlà lápá ọ̀tún. Ó bá wọn mu rẹ́gí. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń yọ̀. Ẹ wo òmùgọ̀.

Mi ò mọ̀wé kà. Mi ò mọ̀ pé torí pé ó jọ wọ́n gan-an ni Àǹtí ṣe yà á sọ́tọ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí Aránṣọ já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìparí àdúgbò ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀ wà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọdún méje tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wárápá ń dà á láàmú. Oògùn ni kì í jẹ́ kó gbé e ṣubú: hóró méjì láàárọ̀, hóró méjì ní aago méjìlá ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kíákíá. Tàárọ̀ yìí ló kẹ́yìn nílé, ọmọ sì ti lọ síléèwé."

"Ìwọ Aránṣọ yìí! Ìgbà tí nǹkan bá tán lo máa ń rántí pé mo wà láyé."

"Ẹ má bínú, mà. Ìyàwó kan ló ń kó mi láyà sókè. Ó ní òun ò fẹ́ kí n tú aṣọ ìgbéyàwó òun tó há yẹn fẹ̀, òun fẹ́ fọn kó lè gba òun. Ẹ gbà mí, ṣé èmi ni n ó bá a fọn ni?"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ wà lára Aránṣọ, ọwọ́ ẹ̀ lọ síbi tó ti máa ń lọ láti ọdún mẹ́jọ, ìparí ìlà lápá ọ̀tún, ibi tí oògùn wárápá máa ń wà, bí ọwọ́ yín ṣe máa ń lọ síbi tí iyọ̀ wà nílé ìdáná láìwò. Ó ka hóró sínú ẹ́ńfílóòpù kékeré kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ó nà án kọjá lórí mi.

Imú iwin kì í ṣìnà. Oògùn Abẹ́rẹ́ máa ń rùn bíi ṣọ́ọ̀kì tó tutù. Èyí ń rùn bí irin. Kí n tó mọ ohun tí mo lè ṣe, Aránṣọ ti jáde.

Mo wo ìgò tí Àǹtí ń dá padà. Ìgò mi ni.

"Àǹtí," mo ní, "oògùn tó máa ń wà lókè yẹn, èyí tó o fi rọ́bà dè, kí ló wà fún?"

"Àwọn alátọ̀gbẹ ló ni ín." Ó ń kọ nǹkan, kò gbójú sókè. "Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀."

"Bí ọmọdé tí kò ní àtọ̀gbẹ bá wá gbé e mì ńkọ́?"

"Ọmọdé kẹ̀? Ká má rí i. Méjì péré, á làágùn, á sùn, ó sì lè má jí mọ́." Ìgbà yẹn ló wá wò mí. "Kí ló dé tó o fi ń bèèrè?"

Ibí yìí ni kí ẹ ti mú mi. Ẹnu mi là, òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi, ẹnu ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ìró bàtà Aránṣọ lójú títì. Mo rántí òfin. Mo rántí pé kò sẹ́lòmíràn tó ń rí mi láyé.

"Kò sí nǹkan kan," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iwin tí kò níṣẹ́ ló ń da ara ẹ̀ láàmú. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Mò ń rò ó pé n ó sọ ọ́ tí oníbàárà yìí bá lọ. Oníbàárà náà á lọ, òmíràn á dé, mo sì ń dúpẹ́ nínú mi pé ó dé. Òwe kan wà tí Àǹtí máa ń pa fún àwọn aláìsàn tó ń tijú láti sọ ohun tó ń ṣe wọ́n: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó pa á fún bàbá àgbà kan láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ńṣe ló dà bíi pé èmi ló ń bá wí.

Ìgbà tó yá, mo pinnu pé n ó tún un ṣe fúnra mi. N ó lọ, n ó jí ẹ́ńfílóòpù náà gbé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọ̀rẹ́ wa á sì wà bó ṣe wà. Ìgbéraga ni, àmọ́ lójú mi nígbà náà, ọgbọ́n ni.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé káńtà yẹn wọlé, mi ò tíì fẹsẹ̀ kan ìta. Mo gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ga, ẹ ò mọ bí títì ṣe rí nísàlẹ̀: gìgísẹ̀ bàtà ń já lulẹ̀ láti òkè, táyà ń fọ́n òkúta wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo gbé mi lu ògiri. Ajá kan gbóòórùn mi, ó tẹ̀lé mi dé iwájú ilé mẹ́ta. Mo rìn lẹ́bàá ògiri, mò ń tọ òórùn epo máṣíìnì lọ, ibi tí Àǹtí lè fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rìn, mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó lé rìn ín.

Máṣíìnì mẹ́ta ló wà nínú yàrá Aránṣọ, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Àjákù aṣọ bo ilẹ̀ débi pé mo ń wọ́ nínú ẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Báàgì ẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gun aṣọ kan tó fi kọ́ síbẹ̀, mo dì mọ́ síìpù báàgì náà, mo fà á. Kò mira. Mo fi eyín fà á, mo fẹsẹ̀ ti báàgì, mò ń bẹ síìpù bí ẹni ń bẹ àna. Nígbà tó là, mo ṣubú sínú ẹ̀. Mo rí kọ́kọ́rọ́, mo rí ìyarun, mo rí bisikíìtì tó ti fọ́, mo rí ọ̀já ìwọnṣọ méjì. Mo tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tú. Kò sí ẹ́ńfílóòpù.

Ìyàwó tó fẹ́ fọn yẹn ti dé, Aránṣọ ń wọn àyà ẹ̀.

"Ọmọ yín ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ó wà dáadáa. Oògùn ẹ̀ ló tán, ni mo bá yà síléèwé kí n tó wá síbí, mo fún Tíṣà ẹ̀. Òun náà ló máa fún un lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ikùn yín wọlé, ẹ jẹ́ kí n mọ bẹ́ ẹ ṣe rí."

Mo jókòó nínú báàgì yẹn, mo sunkún. Ẹkún ò sì gùn, torí kò sáyè.

Mi ò mọ ọ̀nà iléèwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oníbúrẹ́dì tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú wa máa ń kó búrẹ́dì lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Àǹtí ti sọ ọ́ fún mi rí. Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, kẹ̀kẹ́ náà dúró síta, oníbúrẹ́dì ń bá ẹnì kan dúnàádúrà. Mo gun táyà, mo gun ẹsẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo kó sí i. Ó gbéra, inú mi dùn. Ọkàn mi ń sọ pé ó ti bọ́ sí i, ó ti bọ́ sí i.

A lọ, a lọ. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wo inú apẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé búrẹ́dì kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti tà á tán. Ó ti dé iléèwé láti òwúrọ̀ kùtù. Ilé ẹ̀ ló ń lọ.

Mo bẹ́ sílẹ̀. Mi ò ro ibi tí mo bẹ́ sí, inú kòtò omi ìdọ̀tí ni. Òkúta kan ya mí lẹ́sẹ̀. Agogo ńlá kan lù níbì kan, mo kà á: mọ́kànlá. Wákàtí kan ló kù kí Tíṣà na hóró méjì sí ọmọ ọlọ́mọ.

Mo jókòó létí kòtò yẹn, mo sì sọ òótọ́ fún ara mi, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó ní ẹsẹ̀ gígùn, tó mọ Tíṣà, tó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá gbé oògùn yẹn mì. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìrìn tí mo rìn, kì í ṣe torí kí Abẹ́rẹ́ má kú. Torí kí Àǹtí má kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Mo ti gbé ẹ̀mí ọmọ náà sórí ìwọ̀n, mo gbé ìbẹ̀rù mi sí ìkejì, ìbẹ̀rù mi ni mo jẹ́ kó wúwo jù. Ojú tì mí níbi tí kò sẹ́nì kankan tó ń wò mí.

Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sáré. Mo dì mọ́ etí sòkòtò ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, nígbà tó yà, mo bọ́ọ́lẹ̀, mo dì mọ́ etí ìró ìyá kan. Nígbà tí mo fi wọ abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, aago ara ògiri ti ń lọ sí méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

"Pẹ́ńpẹ́!" Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ibo lo lọ? Mo ti wá ẹ títí. Kí ló ya ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Wo òkè pẹpẹ."

Ó wo òkè. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú ẹ̀. Ojú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí pẹpẹ àárín, ó dé ìparí ìlà lápá ọ̀tún, ó dúró síbẹ̀. Ó gbé ìgò náà, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ìwọ lo gbé e?"

"Èmi ni. Kó o tó dé láàárọ̀. Ó dá wà, ó ń ṣe mí láàánú..."

"Ta ni mo fún?"

"Abẹ́rẹ́. Ó wà lọ́wọ́ Tíṣà ẹ̀ níléèwé. Aago méjìlá ló máa lò ó."

Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi. Ó pe fóònù Aránṣọ, ó ń dún, kò gbé e. Máṣíìnì ò jẹ́ kó gbọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ní nọ́ńbà iléèwé. Ó já páálí ṣúgà kan lórí káńtà, ó sáré jáde láìti ilẹ̀kùn, èmi náà sì bẹ́ mọ́ etí àpò kóòtù funfun ẹ̀, mo dì í mú.

Àǹtí kì í sáré. Obìnrin tó sanra ni, orúnkún ẹ̀ ń dùn ún. Ọjọ́ yẹn, ó sáré. Àwọn èèyàn ń kí i, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi. Nígbà tí bàtà kan bọ́, ó fi í sílẹ̀. Mò ń gbọ́ àyà ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lù kìkìkì, mo sì ń bẹ̀bẹ̀, mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀.

Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń pa pátákó rẹ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Oògùn Abẹ́rẹ́ dà?"

"Ó ti lò ó. Oúnjẹ tètè délẹ̀ lónìí, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àǹtí? Àǹtí, kí ló dé?"

Abẹ́rẹ́ wà ní ìta, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò lórí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Àǹtí po ṣúgà sínú omi, ó ní kó mu ún. Ọmọ náà mu ún, ó lá ètè ẹ̀. "Ó dùn o! Ṣé kí n tún mu sí i?" Ọ̀gá iléèwé gbé mọ́tò ẹ̀ jáde, gbogbo wa wọ inú ẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Ìdajì ọ̀nà ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí Abẹ́rẹ́. Ó gbórí lé àyà Àǹtí. Èmi wà nínú àpò, ìmí ẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú.

"Má sùn, ìyá mi," Àǹtí ń wí. "Ka ìlọ́po méjì fún mi. Ó yá, kà á."

"Méjì lọ́nà kan, méjì. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin." Ahọ́n ẹ̀ ti ń wúwo. "Méjì lọ́nà mẹ́ta..." Ó dákẹ́. "Méjì lọ́nà mẹ́ta... Màámi dà?"

Kò kà á dé méjì lọ́nà mẹ́rin. Àǹtí ń gbá a létí díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka ti ṣúgà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń kígbe pe ọ̀gá iléèwé pé kó tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀. Mo di ìka Abẹ́rẹ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Ó tutù.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí sọ orúkọ oògùn náà fún dókítà, ó sọ iye hóró, ó sọ wákàtí. Kò sí ìkan tó fi pamọ́. Wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, wọ́n so omi ṣúgà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni Aránṣọ dé, Tíṣà ti ránṣẹ́ pè é. Ọ̀já ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àǹtí fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ kan láìní bàtà.

"Èmi ni mo ṣe é," ó ní. "Oògùn ẹlòmíràn ni mo fún ẹ. Ọwọ́ mi ni mo gbọ́kàn lé, mi ò ka ara ìgò."

"Irọ́ ni!" Mò ń pariwo nínú àpò. "Èmi ni! Èmi ni mo gbé e!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi òun, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpò náà, ó tẹ̀ mí mọ́ra pé kí n dákẹ́.

Aránṣọ ò pariwo. Ó bọ́ ọ̀já ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a sọ́wọ́.

"Ẹ dìde, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Bí ọmọ mi bá jí, a ó sọ̀rọ̀. Bí kò bá jí, ẹ má jẹ́ kí n tún fojú kàn yín mọ́."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, àyè èèyàn méjì wà láàárín wọn. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, àwọn méjèèjì á dìde, wọ́n á tún jókòó. Mo ti rí i tí wọ́n gé igi mi lulẹ̀, tí ayùn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó sàn ju bẹ́ńṣì yẹn lọ.

Aago mẹ́rin ti lù nígbà tí nọ́ọ̀sì kan yọrí. "Ta ni ìyá Abẹ́rẹ́? Ó ní ebi ń pa òun."

Aránṣọ lanu láti dáhùn, ẹkún ló jáde. Ó sáré wọlé. Dókítà ní àwọn á dá ọmọ náà dúró fún ọjọ́ méjì, torí oògùn yẹn kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ewu ti fò lórí ẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà, èmi ṣì wà nínú àpò. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ó bi mí.

"Bó ṣe ń nà án sí i."

"Mo sì bi ẹ́ pé kí ló dé."

"Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní bá mi ṣọ̀rẹ́ mọ́."

"Ìgò tó o gbé, mo lè gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Èmi náà ni mi ò kà á. Iṣẹ́ mi ni kí n kà á. Àmọ́ o jókòó tì mí, Pẹ́ńpẹ́. Ò ń bá mi rẹ́rìn-ín. Bó o bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, n bá ti lé e bá kó tó dé orígun."

Mo ki orí bọ inú àpò. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ kejì, ó fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apoògùn, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì ń wá láràárọ̀ láti nu nǹkan, láti ka ara ìgò kọ̀ọ̀kan sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń rí mi, torí ó máa ń gbé ọwọ́ ẹ̀ yí mi ká nígbà tó bá ń nu káńtà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ro ohun tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́, mi ò rí. Ohun tí mo jí gbé lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ padà. Láràárọ̀, mo máa ń dúró sórí káńtà, n ó sọ gbogbo ohun tí mi ò sọ rí sí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ní èmi ni mo fọ́ awo dígí ẹ̀ lọ́dún ìjelòó, kì í ṣe ológbò àdúgbò. Mo ní mo máa ń ṣí ìgò oyin fún ọ̀fun, mò ń lá a. Mo ní lọ́jọ́ tí mo na àkísà yẹn sí i, kì í ṣe pé àánú ẹ̀ ṣe mí tó bẹ́ẹ̀, yàrá mi ló ń tutù. Kò dáhùn. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní, "Aṣọ aláwọ̀ ewé tó o rà yẹn, tí mò ń sọ fún ẹ láti ọdún mẹ́ta pé ó bá ẹ mu. Kò bá ẹ mu rárá."

Èjìká ẹ̀ mì. Mo rò pé ẹkún ni.

"Mo mọ̀," ó ní, kò yíjú padà. "Èèyàn méjì ti sọ fún mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà àjọ náà dé. Ó kà á lórí ìdúró, ó ká a, ó tún un ṣí. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí wá síwájú káńtà, ó jókòó, ojú ẹ̀ àti ojú mi ṣe mẹ́rin.

"Ọ̀la ni wọ́n pè mí. Aago mẹ́sàn-án. Aránṣọ ní òun máa wá, àmọ́ kò sọ ohun tó fẹ́ sọ fún wọn. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ mi."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?" mo bi í.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ mirí. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ pé rárá.

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an," ó ní. "Sún mọ́ mi, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ."